Agbára Ẹ̀rọ Nìkan Kò Yọ Ọkọ̀ Nínú Ẹrẹ̀

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Soclogbo, láàárín àwọn òkè olókùúta agbègbè Dassa-Zoumè, ìró kan wà tí etí àwọn tó ń ná ọjà mọ̀ dáadáa. Ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ni. Ó ń bú ramúramù, síbẹ̀ ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, Peugeot 504 akẹ́rù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní bâchée, ni ó máa ń jẹ́. Awakọ̀ ti tẹ accélérateur mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń yí kíkankíkan, ẹrẹ̀ pupa ń ta sókè, ihò tí táyà ń gbẹ́ sì ń jìn sí i.

Iṣu ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Owó àjọ ni obìnrin tó ni ín fi rà á lóko. Bí iṣu náà kò bá dé ọjà lónìí, ó lè di pé kí ó tà á ní owó pọ́ọ́kú lọ́la.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó, ọjà yóò tú kí a tó dé o!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí lágbára.”

Òótọ́ ni awakọ̀ sọ: ẹ̀rọ náà lágbára. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni ohun tó wọ́n ọkọ̀ náà. Ohun tó wọ́n ọn ni bí táyà ẹ̀yìn yóò ṣe di ilẹ̀ mú. Ọ̀tọ̀ ni agbára, ọ̀tọ̀ ni ìdìmú. Awakọ̀ tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò fi owó pamọ́, yóò sì fi ẹ̀mí pamọ́ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ̀rọ ń yí. Nínú àwọn mìíràn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Irú èyí ni Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1968, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà, ní ọdún 1975. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń darí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í lọ.

Ẹ wo ọkùnrin alágbára kan tó ń ti ọmọlanke tó kún fún àgbàdo. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọmọlanke yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yóò máa fà sẹ́yìn. Bí ó bá fi agbára kún agbára, yóò fojú gbolẹ̀ ni. Apá rẹ̀ kò ṣe aláìlágbára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò rí ilẹ̀ dì mú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì.

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ méjì péré, ní ẹ̀yìn, ló ń ti ọkọ̀, ẹrù àti èrò lọ. Gbogbo agbára ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló ń gbà dé ilẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni ohun kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní différentiel. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan lè yára ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wà nínú ẹrẹ̀, tí èkejì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ nìkan ni yóò máa yí lásán. Èyí tó lè yọ ọkọ̀ yóò dúró bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ki ẹ̀ka igi tàbí òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń yí, kì í ṣe sábẹ́ èyí tó dúró.

Táyà fúnra rẹ̀

Rọ́bà táyà tuntun rọ̀ díẹ̀, ó sì ní ilà jíjìn lára. Inú ilà wọ̀nyí ni omi àti ẹrẹ̀ ń gbà jáde kí rọ́bà tó lè kan ilẹ̀. Nígbà tí ilà bá tán, omi kò ní ọ̀nà àbájáde mọ́, táyà yóò sì máa yọ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ọṣẹ. Nínú ilà ọ̀pọ̀ táyà, àwọn òkè rọ́bà kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí ojú táyà bá jẹ dé ibi òkè wọ̀nyí, ilà tó kù kò ju mìlímítà 1.6 lọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gba táyà bẹ́ẹ̀ láàyè mọ́. Lójú ọ̀nà ẹrẹ̀, ó yẹ kí a ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ra táyà tòkunbọ̀ nítorí owó. Táyà bẹ́ẹ̀ lè ní ilà púpọ̀, síbẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ ti le gbagidi nítorí ọjọ́ orí. Níhìn-ín ni ìwé kíkà ti wúlò. Kí ẹni tó fẹ́ rà á wá lẹ́tà DOT lára táyà, kí ó sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Bí ó bá rí 2319, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ẹni tó mọ nọ́ńbà kà kò nílò ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ó yẹ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n sì tóbi bákan náà. Bí owó bá sì tó ra táyà tuntun méjì péré, ẹ̀yìn ni kí a fi wọ́n sí. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ̀ lórí omi lè yí po mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, kí ó sì kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀.

Afẹ́fẹ́ àti ẹrù

Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù nínú táyà, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa ká, yóò gbóná, ó sì lè bẹ́ lójú ọ̀nà ọ̀dà. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni ó yẹ kí a wọn afẹ́fẹ́, nítorí ooru ìrìn máa ń mú kí ó lé sí i. Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ iye tó yẹ. Nínú iyanrìn jíjìn, awakọ̀ lè dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀ kí ojú táyà lè tẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó rọra rìn, kí ó sì fún un padà kí ó tó gun ọ̀nà ọ̀dà.

Ẹrù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bâchée tí kò gbé nǹkan kan fúyẹ́ ní ẹ̀yìn, nítorí náà ó máa ń yọ̀ ju èyí tó gbé ẹrù níwọ̀nba. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ èyí: wọ́n ń di àpò iyanrìn méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀ ṣinṣin lókè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹrù àpọ̀jù kì í ṣe oògùn. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, tí ó sì wà ní ìparí ọkọ̀, yóò gbé iwájú sókè, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní lè darí ọkọ̀ mọ́. Kí ènìyàn tún wá jókòó lórí ẹrù bẹ́ẹ̀, ikú ni wọ́n ń fi ṣeré.

Nígbà ọyẹ́, ìyọnu mìíràn dé. Ojú ọ̀nà a gbẹ, a sì rí gbágungbàgun bí páànù ìbolé. Táyà a máa fò lórí rẹ̀, táyà tó wà lófuurufú kò sì lè di ohunkóhun mú. Amortisseur tó dára ló ń dá táyà padà sílẹ̀ kíákíá.

Ẹsẹ̀ awakọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó dà bí ẹni pé awakọ̀ ni wọ́n ń bá wí. Táyà tó ń yí lásán ń dán ilẹ̀ bí ẹni ń dán ògiri, ilẹ̀ dídán kò sì ṣeé dì mú. Vitesse kejì dára ju ti àkọ́kọ́ lọ láti fi gbéra nínú ẹrẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí agbára ẹ̀rọ já lu táyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje pàápàá mọ èyí. Ní Kenya, nínú Safari Rally tí ẹrẹ̀ àti eruku rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé, Peugeot 504 gba ipò kìíní ní ọdún 1975 pẹ̀lú Ove Andersson, ó sì tún gbà á ní ọdún 1978 pẹ̀lú Jean-Pierre Nicolas. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń rọra tẹ accélérateur nínú ẹrẹ̀ kò lè parí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ó gba ipò kìíní.

Bí ọkọ̀ oníṣu yẹn ṣe máa ń jáde nìyí. Awakọ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accélérateur. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà, yóò sì tẹ́ ẹ̀ka igi síbẹ̀. Wọn yóò sọ díẹ̀ nínú iṣu kalẹ̀. Wọn yóò lé àwọn ọmọdé kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí táyà lè fọ́n òkúta tàbí igi lu ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ yóò fi vitesse kejì gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìyá oníṣu yóò pẹ́ dé ọjà, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ yóò dé. Ní ọjọ́ mìíràn, kí ó tó gba iye owó tí awakọ̀ dá lé ẹrù rẹ̀, ó lè kọ́kọ́ rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì wo ojú táyà méjèèjì.