Jíìnì ABO: Bí Ẹ̀jẹ̀ Onírúurú Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Ìdí Tí Ó Fi Kàn Wá

Ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gòkè dé ibẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú wọn. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ funfun tó wà lórí ìrìn àjò náà. Nígbà tí Crowther tún bá William Baikie gòkè odò ní ọdún 1854, kuníìnì ni wọ́n ń lò, ibà kò sì pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí kuníìnì tó dé ni ara ènìyàn ti ń bá ibà jà. Díẹ̀ nínú ààbò náà wà nínú jíìnì, ABO sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Jíìnì ABO ni ara fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù tí ń so ṣúgà mọ́ purotéènì àti ọ̀rá tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ́ńsáìmù A ń so irú ṣúgà kan, ti B ń so òmíràn, ti O kò so nǹkan kan. Ní ọdún 1990, Fumiichiro Yamamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló yọ nínú jíìnì O. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ara ń ka lẹ́tà jíìnì. Ẹ wo gbólóhùn yìí: ÌYÁ SUN IṢU. Bí a bá yọ S kúrò, tí a sì tún kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ÌYÁ UNI ṢU ni yóò dà. Ìtumọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ AA, AS àti SS o. Jíìnì mìíràn ló ni ìyẹn.

Àwọn kòkòrò náà ń so ṣúgà mọ́ purotéènì, ṣùgbọ́n ohun èlò wọn yàtọ̀. Ènìyàn ní ogún ẹ́ńsáìmù tí ń so ṣúgà kan tí à ń pè ní sialic acid; ẹyọ kan péré ni eṣinṣin èso ní. Ẹ̀fọn kò ní ABO rárá. Àmọ́ àwọn ìbátan wa nínú igbó ní in: gòrílà ní B, ìnàkí chimpanzee ní A àti O. O ti ìnàkí kì í ṣe ogún kan náà pẹ̀lú tiwa. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí jíìnì wọn ti bàjẹ́. Ìwádìí kan ní ọdún 2012 fi hàn pé A àti B ti wà láti bí ogún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Kí ni àǹfààní jíìnì tó bàjẹ́? Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù, wọn a sì dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, pàápàá nínú ọpọlọ. Ṣúgà A àti B ń ràn án lọ́wọ́ láti lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ O kì í lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan láàárín àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Mali, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ewu ibà líle fi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín kù fún àwọn ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ O. Ibà lè mú wọn; kì í sábà le tó ti àwọn yòókù.

Síbẹ̀, ààbò yìí ní owó tí à ń san lé e. Bí àrùn onígbáméjì bá kọlu ẹlẹ́jẹ̀ O, ó máa ń le ju ti ẹlòmíràn lọ. Omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022 bo apá kan Lọ́kọ́jà. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè ba omi mímu jẹ́. Bí ó bá sì fà, adágún tó kù a di ilé ẹ̀fọn. Ohun tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tá kan lè fà á lé òmíràn lọ́wọ́. Ó jọ pé èyí wà lára ìdí tí A, B àti O kò fi lé ara wọn jáde. Irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kí ènìyàn ní, àpò ẹ̀fọn àti omi mímọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀.