Télọ̀ Kì í Wọn Bàbá Dá Ẹ̀wù fún Ọmọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní Iléṣà níhìn-ín, ta ni télọ̀ yóò na tépù sí lára? Ọmọ ni. Kò ní wọn bàbá kí ó wá fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀wù náà kù. Ó mọ̀ pé bí a tilẹ̀ gé ẹ̀wù àgbà kúrú, ọrùn rẹ̀ yóò ṣì fẹ̀ jù fún ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìbòmú inú ọkọ̀ òfuurufú rí.

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá a máa fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000 sókè. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ jù fún ènìyàn láti mí. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ náà. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá jò lọ lójijì, ìbòmú yóò já wálẹ̀ lókè orí èrò, ọ́síjìn yóò sì máa gba inú rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá tètè rí i fà símú, láàrin ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kò ní mọ ohun tí ó ń ṣe mọ́. Bí ìbòmú kò bá sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ọ́síjìn yóò jò dànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọdé ti le nìyí. Ẹ wo ọmọ ọwọ́. Orí rẹ̀ tóbi, imú rẹ̀ tẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì kúrú. Orí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán kí ojú tó bá a. Bí eyín ti ń hù ni ojú ń gùn sísàlẹ̀. Nítorí náà, ìbòmú àgbà tí a kàn ṣe ní kékeré lè gun ọmọ lójú lókè, tàbí kí ó kọjá àgbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ọdún 1966, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú tẹ ìwé jáde lórí ìwọ̀n ojú àwọn ọmọdé, kí àwọn tí ń ṣe ìbòmú lè rí i lò.

Wíwọn ọmọ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti nǹkan bí ọdún 1957 ni Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìwúwo ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ojú. Oṣooṣù ni ọmọ ń gun òṣùwọ̀n, wọn a fi àmì sí káàdì, ìyá a sì mú káàdì rẹ̀ lọ sílé. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ dá. Bí kò bá gòkè mọ́, ebi tàbí àìsàn ti wà nítòsí. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ tí a fẹ́ tọ́jú gan-an ni kí á wọ̀n, kí á sì tún un wọ̀n bí ó ti ń dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìbòmú fún àwọn ọmọ wa, kí ó wá wọn ojú àwọn ọmọ wa.

Lónìí, ìbòmú inú ọkọ̀ èrò sábà máa ń jẹ́ irú kan náà fún àgbà àti ọmọdé. Nítorí náà, bí ó bá já wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi tiyín bo imú àti ẹnu. Òbí tí ó bá dákú kò lè gba ọmọ là. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti ọmọ sí i, ẹ fa okùn rẹ̀ le, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú kí àyè má ṣe wà. Ọwọ́ yín ni yóò dí ibi tí ìwọ̀n kò dé.