Òbí tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́: Àpò ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ dì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni àwọn àgbà wí. Kò sí ìrìnàjò tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó ti orí omi. Bí ẹnì kan bá wọ mọ́tò ní Àgọ́sasa tó ń lọ sí Ìlaró, tó wá rántí lọ́nà pé òun gbàgbé oògùn òun sílé, ó lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó gun ọ̀kadà padà, ó sì lè ra òmíràn lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìtì nígbà tó bá débẹ̀. Ẹni tó wà láàárín òkun kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó gbé wọ ọkọ̀ ni yóò máa lò títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí ní agbègbè Ìpókíá àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ ní Ìlú Ọba, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà. Láyé ìgbà kan, bí ọmọ bá ní kí ìyá òun wá sókè òkun, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ tuntun ni. Ní báyìí, àwọn ọmọ mìíràn a máa ní kí bàbá tàbí ìyá wá ṣe ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Ọkọ̀ yìí dà bí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń rìn lórí òkun. Inú rẹ̀ ni èrò ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun; bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n lè bá ara wọn ní ìlú mìíràn. Òmíràn ń gbéra ní Southampton ní Ìlú Ọba lọ sí Sípéènì, òmíràn ń ti Miami ní Amẹ́ríkà lọ sí erékùṣù Bahamas.

Ọmọ ni yóò sanwó, ṣùgbọ́n òbí ni yóò di ẹrù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ńlá àti oúnjẹ ilé ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń kọ́kọ́ rò. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí a gbàgbé kò lè da ìrìnàjò rú. Ìwé àti oògùn ló lè dá ènìyàn padà ní èbúté, tàbí kó sọ ìgbafẹ́ di àìsàn.

ỌGBỌ́N ÀWỌN TÓ LỌ ṢÁÁJÚ

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń di ẹrù fún ìrìnàjò orí òkun. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbòde, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Ìlú Ọba. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ọkọ̀ Accra, Apapa àti Aureol tí wọ́n ń ná Èkó sí Liverpool. Aureol bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ọdún 1974 ló sì jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìnàjò ọ̀hún máa ń gbà, wọ́n a sì máa yà ní àwọn èbúté bíi Freetown àti Las Palmas.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa fún èrò ní ìwé pélébé tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹrù wọn. Ọ̀kan ń sọ pé a óò lo ẹrù yìí lójú ọ̀nà. Èkejì ń sọ pé a kò ní í lò ó lójú ọ̀nà. Èyí tí a kò ní í lò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹni tó ni ín kò sì ní í fojú kàn án títí ìrìnàjò yóò fi parí. Nítorí náà, kí ènìyàn tó ti àpótí rẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ ro ohun tí yóò fẹ́ lò lójoojúmọ́. Ìwé pélébé náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì wúlò.

Ìdí ni pé títí di òní, bí èrò bá dé èbúté, àwọn alábàárù ni yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fi nọ́ńbà yàrá rẹ̀ sí i. Ó lè tó wákàtí mélòó kan, ó sì lè di alẹ́, kí àpótí náà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Àpò ọwọ́ nìkan ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ìwé ìrìnnà, oògùn, awò ojú, owó, fóònù àti pààrọ̀ aṣọ kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ fi í sínú àpótí rárá.

ÌWÉ KỌ́KỌ́ Ṣáájú

Àgọ́sasa kò jìnnà sí ẹnubodè Ìdírókò. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló ní ẹbí ní apá Benin, tí wọ́n sì ń lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìnáwó àti òwò. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ bí ìwé rẹ̀ bá pé. Àṣà yìí ti mọ́ àwọn ènìyàn lára, òun náà ló sì lè tan ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Físà Ìlú Ọba kò gbé ọmọ Nàìjíríà dé Sípéènì tàbí Faransé. Bí ọkọ̀ tó gbéra ní Southampton yóò bá yà ní àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, físà Schengen tún wà láti gbà. Bí ọkọ̀ bá ti Sípéènì lọ sí Mòrókò tó sì padà sí Sípéènì, ẹ̀ẹ̀mejì ni èrò wọ ilẹ̀ Schengen yẹn; físà tó gba wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò lè tó o. Bákan náà ni ti Miami. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ lọ sí Bahamas ti jáde ní Amẹ́ríkà, yóò sì tún tọrọ àyè láti wọlé. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà ìbẹ̀wò tí wọn yóò máa fún ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ ti oṣù mẹ́ta, tí wọ́n lè fi wọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Òfin físà kì í dúró lójú kan, nítorí náà kí ọmọ tó sanwó ọkọ̀, kí ó kọ orúkọ gbogbo ìlú tí ọkọ̀ yóò yà sílẹ̀, kí ó sì béèrè ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí ìwé kò bá pé ní èbúté, ọkọ̀ yóò fi onítọ̀hún sílẹ̀, owó tí wọ́n san a sì máa bá a lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì, náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ di ohun tí agbára rẹ̀ kì í tán láéláé. Àgbàlagbà tó ní káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí kò ní láti gba abẹ́rẹ́ mìíràn nítorí pé ọdún náà ti pé. Kí ó rí i pé ó wà lọ́wọ́, kí ó sì ya ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sí ibòmíràn. Ó dára pẹ̀lú kí ó kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀ sórí ìwé, nítorí bí bátìrì fóònù bá kú, nọ́ńbà inú rẹ̀ kú nìyẹn.

OÒGÙN KÌ Í WỌ ÀPÓTÍ

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ka iye ọjọ́ tí yóò lò, kí ó sì fi ti ọ̀sẹ̀ kan kún un, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́ lọ́nà. Kí oògùn wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, kí orúkọ rẹ̀ lè hàn, kí ìwé dókítà sì bá a rìn. Àgbo inú ìgò tí kò ní àkọlé lè di ọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣọ́bodè. Yàtọ̀ sí èyí, omi inú ìgò tó bá ju mìlílítà 100 lọ kì í sábà bá ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú àpò ọwọ́.

Òyì ojú omi a máa mú ẹlòmíràn, yóò sì máa bì. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àgbàlagbà ṣọ́ra. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí a máa kunni lóorun, wọ́n sì lè ṣe ìpalára fún ọkùnrin tí ìtọ̀ kì í tètè yá lára rẹ̀ tàbí ẹni tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Dókítà ni kí ó yan èyí tó bá a lára mu kí ó tó kúrò nílé. Atalẹ̀ a máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Jíjókòó sí àárín ọkọ̀, kí ènìyàn sì máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, náà a máa dín òyì kù.

Dókítà wà nínú ọkọ̀, àmọ́ owó gidi ni wọ́n ń gbà. Bí àìsàn bá le débi pé wọ́n ní láti gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn lórí ilẹ̀, owó rẹ̀ lè kọjá agbára ọmọ. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò ṣe pàtàkì nítorí èyí, kí wọ́n má sì fi àìsàn kankan pamọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbà á.

AṢỌ, OÚNJẸ ÀTI OHUN TÍ ỌKỌ̀ KÌ Í GBÀ

Iná ni ọ̀tá ọkọ̀ ojú omi, torí pé kò sí panápaná tí yóò ti ìta sáré wá. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù, àbẹ́là tàbí tùràrí láàyè nínú yàrá èrò. Kí òbí kó aṣọ tí kì í fẹ́ sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù jù: àǹkárá àti àdìrẹ tó bá fúyẹ́. Aṣọ ńlá kan péré tó fún alẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe àríyá: agbádá àti fìlà fún bàbá, ìró, bùbá àti gèlè fún ìyá. Súwẹ́tà ṣe kókó, nítorí afẹ́fẹ́ òkun àti ẹ̀rọ amúlétutù a máa mú òtútù wá. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí ó wọ̀, nítorí ilẹ̀ ọkọ̀ a máa tutù.

Kí ẹnikẹ́ni má di ẹran ìgbẹ́ tàbí pọ̀nmọ́ sínú ẹrù. Ìlú Ọba kì í gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé, Amẹ́ríkà náà kò fàyè gbà á. Oúnjẹ tí a sè nílé kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ohun tó dára ni kí ọmọ ti sọ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú pé òbí òun kì í jẹ iyọ̀ tàbí ṣúgà, wọn yóò sì lè ṣètò rẹ̀. Ọṣẹ kékeré nínú àpò ọwọ́ wúlò púpọ̀, nítorí àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń ràn nínú ọkọ̀ kì í gbọ́ ti oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ tó bí ó ṣe ń gbọ́ ti ọṣẹ àti omi.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, wọn yóò ní kí èrò gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò sì kó o lọ ní òru. Ẹni tó bá kó gbogbo aṣọ sínú rẹ̀ yóò fi aṣọ ìsùn sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Aṣọ àti bàtà tí yóò fi relé gbọ́dọ̀ kù sílẹ̀.

ẸRÙ TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ LÁRA

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbé ènìyàn léfòó lórí omi, kò sí lára ẹrù tí òbí yóò dì fún ọkọ̀ ńlá, nítorí ọkọ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, tí ènìyàn tó lé ní 1,500 sì kú, ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin ààbò ojú òkun ní ọdún 1914. Nígbà tí Costa Concordia dojú dé ní Ítálì ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ènìyàn 32 ló kú. Àwọn èrò kan wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì kọ́ ní ibi tí wọn yóò sá sí. Láti ọdún 2015, òfin ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ èrò ní èyí kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí gẹ́lẹ́ tó bá ti gbéra. Bí wọ́n bá pe ìpè náà, kí bàbá àgbà má sọ pé ó rẹ òun.

Ẹni tí kò ní í wọ ọkọ̀ ńlá láéláé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nínú ọkọ̀ kékeré tó ń ná odò Yewa àti ọ̀sà Àgbádárìgì, kò sí yàrá, kò sì sí dókítà. Kí èrò béèrè láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọlé, kí ó sì dì í mọ́ ara pinpin. Kí ó má fi ṣe ìjókòó. Kí ó fi ọ̀rá di ìwé, owó, oògùn àti fóònù. Bí ọkọ̀ bá kún jù, tàbí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ó dúró de ọjọ́ kejì.

Ìdánwò kan wà tí gbogbo arìnrìnàjò lè ṣe ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìnàjò. Kí ó gbé àpótí ńlá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó tú àpò ọwọ́ sórí ibùsùn, kí ó wá bi ara rẹ̀ pé: bí àpótí yìí bá sọnù lọ́la, ṣé mo lè fi èyí tó wà níbí gbé ọjọ́ mẹ́ta? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò tíì di ẹrù.