Ẹ Mọ Òkúta Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n orí tábìlì kan ní Bantama ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ń ba ojú òkúta inú ilé jẹ́, bí a ṣe lè dènà rẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe bí ó bá ti bàjẹ́.

Ìyá onílé mi, ọmọ Yorùbá ni, Kumasi ni a sì bí i sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kúrò. Àwọn òbí Màmá kó ìwọ̀nba tí wọ́n lè kó, wọ́n sì fi tábìlì kan, tí ojú rẹ̀ jẹ́ mábìlì funfun, sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn tí í ṣe ará Asante. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Màmá padà dé, aládùúgbò náà gbé tábìlì fún un láìsí àbààwọ́n kan. Èmi ni mo wá fi àbààwọ́n sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí Màmá lọ sọ́jà, mo rí i pé epo pupa ta sí orí tábìlì náà. Mo fẹ́ ṣe oore. Mo la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, mo fi ra ojú epo náà, mo sì fi í sílẹ̀ títí mo fi gbálẹ̀ tán. Nígbà tí mo nù ún, ibi gbogbo tí omi ọsàn dé ti ṣú, kò dán mọ́, ó rí bí ojú tí awọ bò. Nígbà tí Màmá dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, èmi ni mo bà á jẹ́.” Ó fi ọwọ́ pa ojú ibẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ mi, o ò mọ òkúta ni. Lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Mo tọ bàbá kan tí ń gbẹ́ òkúta ojú sàréè lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ bi mí: “Irú òkúta wo ni?” Nínú ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà wà.

Òkúta kì í ṣe ọ̀kan náà. Akọ òkúta tí à ń pè ní gíránáìtì ni a fi ṣe Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ilé-Ifẹ̀. Ó le gan-an. Ṣùgbọ́n òkúta ọṣẹ ni a fi gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ère Ẹsìẹ́, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lè ha á. Mábìlì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs ṣètò ìwọ̀n líle òkúta láti 1 dé 10. Ohun tí a fi dá mábìlì wà ní 3, quartz tí ó pọ̀ nínú iyanrìn sì wà ní 7. Ẹ rí i báyìí pé iyanrìn tí a fi ẹsẹ̀ kó wọlé le ju mábìlì lọ, òun ni ó sì ń ha á.

Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyin ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ̀yin náà lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ẹ ju èèpo ẹyin sínú ọtí kíkan. Ẹ óò rí i tí ó ń hó wẹ́wẹ́. Bí ó bá sùn níbẹ̀, yóò rọ̀. Ohun kan náà tí ó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin ni a fi dá mábìlì: calcium carbonate ni orúkọ rẹ̀. Ásíìdì inú ohun kíkan ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo rí lórí tábìlì Màmá kì í ṣe ìdọ̀tí tí a lè fọ̀. Ojú òkúta gan-an ni ọsàn ti jẹ. Ilẹ̀ térásò náà kò gbọ́dọ̀ rí ásíìdì, nítorí wẹ́wẹ́ mábìlì àti sìmẹ́ǹtì ni a sábà fi ń ṣe é. Gíránáìtì kò bẹ̀rù ọsàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n epo lè wọ inú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè dènà ìbàjẹ́? Ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó fi omi nù ún, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fi iyanrìn tàbí eérú tí a fi ń fọ ìkòkò fọ mábìlì. Aṣọ rírọ̀, omi, àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ fi òṣùká sí abẹ́ ìkòkò gbígbóná, kí òkúta má baà sán. Ẹ má fi agolo tí ó tutù sílẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ìpẹtà ṣòro láti yọ. Bí ohun kíkan bá dà sí i, ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń fi ra òkúta kí epo má tètè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò gba mábìlì lọ́wọ́ ásíìdì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má da bílíìṣì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Gánà ń pè ní parazone, pọ̀ mọ́ ọsàn tàbí ọtí kíkan: èéfín tí yóò jáde lè pa ènìyàn.

Bí epo bá ti wọ inú òkúta, fífa ni a ń fà á jáde, a kì í fi agbára ha á. Ẹ po amọ̀ funfun, èyí tí àwọn Asante ń pè ní hyire, mọ́ omi díẹ̀ títí yóò fi ki. Ẹ fi bo ojú ibẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó mọ́jú, kí ẹ tó ṣí i kí ó gbẹ. Bí amọ̀ ti ń gbẹ ni ó ń fa epo mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí ojú kò tó. Ẹ má sì lo amọ̀ pupa, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà wọ òkúta. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò fún Taj Mahal ní Agra, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, nígbà tí mábìlì rẹ̀ bá pọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi tí ásíìdì ti jẹ, dídán ni a óò tún un dán. Bàbá oníṣẹ́ òkúta fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ, tí a ti rì sínú omi, ra ojú ibẹ̀ yíká jẹ́jẹ́; lẹ́yìn náà ó fi ìyẹ̀fun ìdánkúta àti aṣọ tútù dán an fún ìgbà pípẹ́. Bí ìfà bá jìn, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ṣe é.

Kí ẹ má baà rò pé dídán ni ó yẹ gbogbo òkúta, ẹ rántí ọlọ ìyá yín. Bí ojú ọlọ bá dán jù, ata kì í kúnná lórí rẹ̀. Ńṣe ni a ń fi irin ṣóńṣó gún un kí ojú rẹ̀ tún le, a ó sì da ohun tí a kọ́kọ́ lọ̀ nù nítorí kóró òkúta. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù fún tábìlì ni ó jẹ́ ìlera fún ọlọ.

Tábìlì Màmá ti dán padà, àfi bí a bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní òwúrọ̀, tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ni a fi ń rí àpá díẹ̀. Mo tún tọrọ ìdáríjì. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹni tó tọ́jú rẹ̀ fún wa kò bi wá pé iye owó wo ni. Ìwọ náà, tọ́jú rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń nu tábìlì yẹn ní àràárọ̀, pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀ nìkan.