Oníṣòwò Àkókó, ẹ wá gbọ́: bẹ́ ẹ ṣe lè rí ìwé gbèsè nínú kọ̀ǹpútà kí epo tó tán nínú jẹnẹrétọ̀

Bẹ́ ẹ bá ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé l'Ìkàrẹ́ Àkókó, irú ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Oníbàárà kan ra ọjà àwìn lọ́dọ̀ yín nínú oṣù kẹta, ó san díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ìgbà tó padà dé lóṣù kẹjọ, ó ní gbèsè tó kù lọ́rùn òun kò tó iye tẹ́ ẹ̀ ń pè. Ẹ mọ̀ pé ìwé ọjà ọ̀hún wà, ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lọ. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ lẹ tàn, epo ń jó, oníbàárà jókòó tì yín, ó ń wo aago. Ẹ ṣí fódà kan, kò sí níbẹ̀. Ẹ ṣí òmíràn, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà dìde, ó ní bẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ pe òun. Bí owó ṣe ń bọ́ mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìwé náà ò kúkú sọnù, inú kọ̀ǹpútà yẹn náà ló wà. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni bẹ́ ẹ ṣe máa pè é tó fi máa dáhùn. Láti ọdún 2007 tí Windows Vista ti dé ọjà ni ọgbọ́n yìí ti wà nínú Windows, ó sì wà nínú Windows 10 àti Windows 11. Ẹ ò ní í san kọ́bọ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà E, File Explorer máa ṣí sílẹ̀. Ẹ wọ inú fódà tẹ́ ẹ rò pé ìwé yín wà, nítorí ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí ni kọ̀ǹpútà ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, yóò sì wọ gbogbo fódà tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ò bá mọ ibì kankan, ẹ tẹ This PC, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń pẹ́. Lápá ọ̀tún lókè, ẹ máa rí àpótí kékeré tí wọ́n kọ Search sí. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń kọ "invoice" síbẹ̀ ni, tí igba fáìlì á sì tú jáde. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́ ẹ lè fi sẹ́ èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá kúrò lára èyí tẹ́ ò wá, bí ìgbà téèyàn ń fi asẹ́ sẹ́ gàrí.

Àkọ́kọ́ ni irú fáìlì. Bẹ́ ẹ bá kọ ext:xlsx, ìwé ìṣirò Excel nìkan ló máa jáde; ext:pdf á mú PDF wá. Bó bá jẹ́ fọ́tò lẹ̀ ń wá, ẹ kọ kind:picture.

Èkejì ni ọjọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ datemodified:lastweek, ohun tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ kọ datemodified:01/03/2025..31/03/2025. Àmì ìdánudúró méjì ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra o, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń kọ ọjọ́ bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù ló máa ń ṣáájú.

Ẹ̀kẹta ni bí fáìlì ṣe tóbi tó. size:>100MB á tú àwọn fídíò ńláńlá tó ń gba àyè síta, kẹ́ ẹ lè pa èyí tí ò wúlò rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bẹ́ ẹ bá kọ cement NOT quotation, gbogbo ìwé tó bá ní "quotation" máa yẹra. OR túmọ̀ sí èyí tàbí ìyẹn. Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kẹ́ ẹ má sì fi àlàfo sẹ́yìn àmì tó tẹ̀ lé ext tàbí size.

Bẹ́ ẹ bá wá pa á pọ̀, tẹ́ ẹ kọ cement ext:xlsx datemodified:01/03/2025..31/03/2025, ìwé oníbàárà yẹn lè jáde kó tó dìde lórí àga. Bí kò bá jáde, ẹ yọ ọjọ́ kúrò, bóyá ẹnì kan ti ṣí i, tó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kẹta. Àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin l'Akùngbá tẹ ìwé náà lè jèrè rẹ̀, nítorí kind:document datemodified:today á kó gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan òfin. Òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ kọ́ńpìnnì tọ́jú àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ fún ọdún 6. Ìwé ọdún 6 kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ìwádìí yìí kò lè ṣe ohun gbogbo. Bẹ́ ẹ bá sọ ìwé ní "Book1" tàbí "New Document", ẹ ti so kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹ fi orúkọ ọjà, orúkọ oníbàárà àti ọdún sọ ọ́. Ìwé tí wọ́n ya bíi fọ́tò, lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tẹ́ ẹ fún un nìkan ni kọ̀ǹpútà fi máa mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé gbèsè tí oníbàárà ò fọwọ́ sí, ó ṣì lè jiyàn lé e lórí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ tó gbọ́jà, kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú fláàṣì tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí iná bá dé lálẹ́ òní, ẹ jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé kan tẹ́ ẹ mọ ibi tó wà. Ó sàn kẹ́ ẹ kọ́ ọ lálẹ́ ju kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ níwájú onígbèsè lọ.