Ògbufọ̀ Ìwé Ìlò Kọ̀ǹpútà

Ní ọjà Mile 12, níbi tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya ti ń já tòmátì àti àlùbọ́sà, ògbufọ̀ a máa dúró láàárín Hausa tí ń tà àti obìnrin tí ó ti Kétu wá rà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó lè yí padà sí èdè kejì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iye owó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹni tí ó bá jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní Ìkòsí láti túmọ̀ ìwé ìlò rẹ̀ sí Yorùbá.

Ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún 1971, ni ó wà lára ìwé ìlò àkọ́kọ́ ti Unix, iṣẹ́ ọwọ́ Ken Thompson àti Dennis Ritchie ní Amẹ́ríkà. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí a lè pa fún ẹ̀rọ ni ó ní ojú ìwé tirẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá tẹ man, tí ó sì tẹ orúkọ àṣẹ kan tẹ̀ lé e, yóò rí àlàyé rẹ̀ kà.

Ṣùgbọ́n ohun tí à ń kà yàtọ̀ sí ohun tí à ń túmọ̀. Bí a bá ṣí fáìlì náà gan-an nínú Emacs tàbí Vim, tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń tún un ṣe, a ó rí àwọn ìlà tí àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀. .SH ń sọ pé àkọlé ni ó kàn; .B ń sọ pé kí lẹ́tà ki. Ẹ̀rọ ni à ń bá sọ ìwọ̀nyí; ẹni tí ó bá túmọ̀ wọn ti ba ojú ìwé náà jẹ́. (Yorùbá náà ní àmì tirẹ̀, àmọ́ abẹ́ lẹ́tà ni ó ń gbé.)

Èyí tí ó léwu jù ni ojú ìwé rm, àṣẹ tí ń pa fáìlì rẹ́. Bí a bá fi -i kún un, ẹ̀rọ yóò béèrè kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́. Bí ó bá jẹ́ -f, kò ní béèrè rárá. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀kan pe èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbà á gbọ́ lè pàdánù iṣẹ́ ọdún kan ní ìṣẹ́jú kan, nítorí pé rm kì í kó ohun tí ó pa rẹ́ sí ibi tí a ti lè lọ mú un. Ìdí nìyí tí ògbufọ̀ gidi fi ń kọ́kọ́ dán àṣẹ wò lórí fáìlì tí kò wúlò.

Bí iṣẹ́ bá parí, a kì í fi í rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì. Àpò tí ń jẹ́ yo, àmì èdè Yorùbá, ni à ń fi í sí. Ẹ̀rọ tí a ti yàn Yorùbá fún yóò kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan, yóò mú ti Gẹ̀ẹ́sì wá.