Bí A Ṣe Ń Fi Àjákù Páànù Ṣe Atọ́ka Afẹ́fẹ́ Sínú Àgbàlá

Ní Òkè-Ògùn wa níbí, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ìlà-oòrùn ni ìjì òjò sábà máa ń gbà wá, pàápàá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá yóò lè tètè kó ọmọ àti ẹrù. Páànù tó já lára òrùlé yín tó láti fi ṣe atọ́ka rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó wá: àjákù páànù, irin pẹlẹbẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ìṣó gígùn 1, wọ́ṣà 2, wáyà, àti òpó igi gígùn.

1. Ẹ gé páànù kékeré bí orí ọfà. Ẹ gé ìrù tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ìrù gbọ́dọ̀ tóbi ju orí lọ, torí òun ni afẹ́fẹ́ ń tì. Ẹ ká etí páànù. Bó bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.
2. Ẹ fi wáyà so orí mọ́ ìpẹ̀kun irin kan, kí ẹ so ìrù mọ́ ìkejì.
3. Ẹ gbé irin náà lé orí ìka. Ibi tó bá ti dúró láìtẹ̀ síbì kan ni kí wẹ́dà bá yín lu ihò sí. Kí ihò náà fẹ̀ ju ìṣó lọ díẹ̀.
4. Ẹ fi wọ́ṣà kan sókè irin, ọ̀kan sísàlẹ̀, kí ẹ kàn án mọ́ orí òpó. Ẹ má kàn án le jù, kó lè máa yí. Ẹ fi gírísì tàbí àdín pa á.
5. Ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ ní gbangba, kó ga ju òrùlé lọ, kó sì jìnnà sí igi àti wáyà iná.

Láàárọ̀, ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ: ìlà-oòrùn nìyẹn. Òsì yín ni àríwá, ọ̀tún yín ni gúúsù.

Ibi tí orí ọfà bá kọjú sí ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìlà-oòrùn, tí ọfà yí síbẹ̀ lójijì, tí afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́, ìjì ti dé tán. Ẹni tó sá èlùbọ́, kó yára kó o. Ẹni tó wà lábẹ́ tapólì, kó wọ ilé tó dúró dáadáa. Àyè tó kù kì í pọ̀, nítorí náà ẹ ti di ìwé pàtàkì àti oògùn yín sínú ọ̀rá sílẹ̀. Bí ààrá bá ń sán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún mọ́ òpó náà.

Ṣùgbọ́n atọ́ka yìí kò mọ ìgbà tí odò yóò kún. Láti orí òkè agbègbè Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣàn wá. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún lè kún bá ẹni tí òjò kò kán sí lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà létídò, ẹ máa wo omi pẹ̀lú. Bó bá ti ń ga sókè, ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ gíga. Ẹ má dúró de ọfà.

Kí Olúwa máa ṣọ́ wa.